Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ya Fọ́tò

Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Ó dáa. Kí ẹni tó bá fẹ́ pa òwe yẹn fún Tẹjúmádé Ògúnjìnmí kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ti rẹ́ òun náà jẹ rí, kó tó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sùúrù. Télọ̀ ni Tẹjúmádé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Road 23 ní Festac. Gbogbo ẹni tó ti gbé aṣọ fún un rán ló mọ̀ pé obìnrin náà lójú àánú, ó sì lẹ́nu. Bí o bá sọ fún un pé ọrùn aṣọ tó rán fún ọ wọ́, yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọrùn ìwọ gan-an, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà, kó tó gba aṣọ náà padà, kó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Níyìọlá ọkọ rẹ̀, tó ń wa táńkà epo ní Satellite Town, máa ń ní iná tó lè jáde nínú táńkà òun kò ba òun lẹ́rù tó iná ẹnu ìyàwó òun.

Ìkìrun ni wọ́n ti mú un wá sí Èkó nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ọwọ́ Ìyá Fàósátù ní Agboju ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó pọn ọmọ ọ̀gá, ó ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Iṣẹ́ kò já lé e lọ́wọ́ láti ọ̀run. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, bó bá ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sórí góta ní First Avenue láàárọ̀, tó sì tún bá wọn níbẹ̀ nígbà tó ń darí lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Kì í ṣe sí àwọn ọmọ náà. Àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ, tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nínú mọ́tò tútù, tí wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ni inú ń bí i sí.

Nígbà tí Charles wá bá a pé kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Festac pọ́ńbélé ni Charles. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó kàwé, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun ló sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń fi ẹ̀rín kí àlejò káàbọ̀. Ó ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́. Sẹ́ńtà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ títún fóònù ṣe, yàrá kan sì wà tí wọ́n ti ń fi yé wọn bí èèyàn ṣe ń jókòó, bó ṣe ń dáhùn, bí ilé iṣẹ́ bá pè é wá fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan láti òdìkejì ọ̀sà ló ń náwó sí i. Charles ní ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yege yóò gba irinṣẹ́ lọ sílé, kó má baà kọ́ṣẹ́ tán kó tún padà sórí góta. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló mú Tẹjúmádé.

Ó kọ́ wọn tọkàntọkàn. Ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa gé, ẹni tí kò bá lè gé ìwé kó gún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áńkárá. "Tú u" ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù nìyẹn. Ojú rírán rẹ wọ́, tú u. O ti rẹ̀ ọ́, tú u ná. O fẹ́ sunkún, kò burú, ṣùgbọ́n tú u kí o tó máa sunkún. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Èṣí ni àwọn àkọ́kọ́ jáde. Ayẹyẹ náà dùn. Wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ sórí tábìlì, tuntun tí ń dán gbinrin, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ wọn. Tẹjúmádé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn fún àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní iṣẹ́ á gbè wọ́n, wọ́n di ẹ̀rọ mú, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò dúró tì wọ́n, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí ó parí, Charles ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàhálà ọkọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù Sẹ́ńtà yóò gbé ẹ̀rọ dé ilé oníkálukú. Tẹjúmádé yìn ín lójú gbogbo ayé. Ó ní irú ọ̀gá tí Nàìjíríà ń fẹ́ nìyí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ ra ìtẹ́nú aṣọ ní ọjà Agboju. Ẹnì kan ń ti ọmọlanke tó kún fún àpò ìrẹsì bọ̀ láàárín èrò, ó ń pariwo pé kí wọ́n yàgò. Ṣínà ni. Nínú gbogbo àwọn tó jáde léṣìí, òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lórí aṣọ, tó jẹ́ pé Tẹjúmádé kì í fi bẹ́ẹ̀ ní kó tú nǹkan. Ó dá a dúró, ó bi í pé kí ló dé tó ń ti ọmọlanke, ṣé oníbàárà kò yọjú ni, ẹ̀rọ rẹ̀ ńkọ́.

"Àǹtí, ẹ̀rọ wo?" Ṣínà wí.

Tẹjúmádé ní ẹ̀rọ tó gbà níṣojú gbogbo èèyàn ni. Ṣínà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù náà kò dé ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn. Wọ́n lọ béèrè, wọ́n ní kí wọ́n máa retí. Wọ́n tún lọ, wọn ò ṣí géètì fún wọn mọ́. Tẹjúmádé ní ṣé wọn ò mọ ṣọ́ọ̀bù òun ni, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó wá sọ fún òun.

"A rò pé ẹ mọ̀ sí i ni, mà," ni Ṣínà dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ gbé e fún wa."

Ó ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì mú kí ó dunni jù. Tẹjúmádé dúró láàárín ọjà, ó gbàgbé ohun tó wá rà. Pé Charles purọ́ kọ́ ló ká a lára jù, irọ́ kò wọ́n ní Èkó. Ohun tó ká a lára ni pé ọwọ́ òun ni wọ́n fi pa irọ́ náà. Wọ́n ti sọ òun di abọ́ tí wọ́n fi bu májèlé fún ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́, wọ́n sì ń dárúkọ abọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí Ernest, awakọ̀ Sẹ́ńtà, ṣí ilẹ̀kùn stóò fún òun, òun fẹ́ mú òwú. Àwọn ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lábẹ́ tapólì, rìbọ́ọ̀nù tuntun sì wà lórí wọn, nítorí àwọn ọmọ ìsọ̀rí kejì ti fẹ́ jáde. Ó bi Ernest pé ìgbà wo ni wọ́n rà wọ́n. Ernest wo ilẹ̀. Ó ní wọn ò ra nǹkan kan, àwọn ti èṣí náà ni, òun ni òun fi ọkọ̀ kó wọn yípo Festac títí àwọn àlejò fi lọ, tí òun sì tún kó wọn padà. Ó ní kí Àǹtí má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán òun.

Tẹjúmádé wọ ọ́fíìsì Charles láì kan ilẹ̀kùn. Charles kò sẹ́, ìyẹn tún bí i nínú sí i, nítorí ẹni tó bá ń sẹ́ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan. Ó ní kó jókòó, ó gbé omi tútù fún un, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Àǹtí Tẹjú, ẹ fara balẹ̀," ló wí. "Àwọn tó ń fún wa lówó, fọ́tò ni wọ́n fẹ́ rí. Bí mo bá fún àwọn ọmọ yẹn ní ẹ̀rọ, títà ni wọ́n máa tà á, wọ́n á fi ra fóònù. Mo mọ irú wọn. Ó sàn kó wà níbí, ká máa lò ó."

"Èwo nínú wọn ló ti ta ẹ̀rọ tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?"

Charles yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní bí ariwo bá dé etí àwọn tó ń náwó, wọ́n á kó owó wọn lọ, Sẹ́ńtà á tì pa, gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ á sì padà sílé. Ó ní ṣé ohun tí Àǹtí fẹ́ nìyẹn. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa ń já èèyàn jẹ, irú àwọn báwọ̀nyí. "Mo mọ irú wọn" ni ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún ní Festac wí, ẹni tí kò wá iṣẹ́ rí tí bàtà fi jẹ. Tẹjúmádé kò mu omi náà. Ó jáde, ó lọ jókòó sí kíláàsì, ó ń gé ìwé sìmẹ́ǹtì láì rí ohun tó ń gé.

Ohun tó dè é lẹ́nu ni Toyibat. Nínú àwọn tó fẹ́ jáde báyìí, òun ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí jẹ́ ikú àti ìyè fún. Ọmọ Abúlé Adó ni. Ilé tí wọ́n ń gbé wó lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ibẹ̀ bú gbàù lọ́dún 2020, ìyá rẹ̀ sì kó wọn wá bá ẹbí kan gbé ní Agboju. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé gíga parí síbẹ̀. Toyibat wáṣẹ́ wáṣẹ́, kò rí, kó tó gbọ́ nípa Sẹ́ńtà. Ní báyìí, obìnrin kan tó ní ilé ìwé kékeré ní Satellite Town ti ṣèlérí pé bó bá fi lè ní ẹ̀rọ tirẹ̀, Toyibat ni yóò rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo àwọn ọmọ ilé ìwé náà kí wọ́n tó wọlé. Bí kò bá ní, ẹlòmíràn wà. Wọ́n ti gbá ìta ilé fún un níbi tó máa jókòó sí. Ojoojúmọ́ ló ń bi Tẹjúmádé pé irú òróró wo ni òun yóò máa fi sí ẹ̀rọ òun. Ẹ̀rọ òun, bẹ́ẹ̀ ló ń pè é. 

Ó gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Fàósátù ní Agboju. Ìyá ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n òun ṣì ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ ládùúgbò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì di ọ̀rọ̀ àgbà tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n ń rọ́ tì. Tẹjúmádé rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá gbọ́ tán, ó bi í pé ta ló ṣe fírídọ̀mù, ètò ìdásílẹ̀ ọmọṣẹ́, fún àwọn ọmọ náà léṣìí. Tẹjúmádé ní kò sí, Charles ní kí òun má gbé nǹkan ayé àtijọ́ wá, pé ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò ti tó.

"Wọn ò tíì gba fírídọ̀mù nígbà yẹn," Ìyá wí. "Fọ́tò ni wọ́n gbà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́gbẹ́ wọn ni pé ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ẹni tó ni irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un yóò gbé ọwọ́ lé irinṣẹ́ náà, á sọ níwájú ẹgbẹ́ pé òun fi sílẹ̀ fún un. Ìyá ẹgbẹ́ á wá ṣàdúrà, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á ṣe àmín. Ohun tí wọ́n bá ti ṣe àmín lé lórí bẹ́ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá kan wà ní Agboju nígbà kan tó gba ẹ̀rọ ọmọṣẹ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn àdúrà. Ẹgbẹ́ yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó yá a ní sísọ́ọ̀sì mọ́, kò sì pẹ́ tó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ládùúgbò.

Tẹjúmádé ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọ̀nyí, àwọn Ṣínà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Ìyá ní ẹ̀rọ kan kò lè wà nílé méjì, kó kọ́kọ́ já èyí tó wà ní stóò gbà lọ́wọ́ Charles ná. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò tẹ́ Tẹjúmádé lọ́rùn.

Ó padà lọ bá Charles pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde. Ó ní òun ti ronú, òun kò jà mọ́, pé kí wọ́n sáà jẹ́ kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ wá ṣàdúrà fún àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ ayẹyẹ. Inú Charles dùn. Ó ní yóò wu àwọn àlejò gan-an, àwọn ìyá arúgbó, àṣà ìbílẹ̀, fọ́tò á gún régé. Kò bi í léèrè ohun tí fírídọ̀mù jẹ́. Níbo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ ta ló ti kọ́ṣẹ́ rí?

Lọ́jọ́ náà, wọ́n to àga, wọ́n to ẹ̀rọ, àwọn àlejò jókòó níwájú. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ lórí ẹní, Toyibat ló wà níwájú wọn. Ìyá Fàósátù dìde, ó béèrè pé ta ló ni àwọn ẹ̀rọ yìí. Charles jáde tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní òun ni. Ìyá ní kó gbé ọwọ́ lé e, ó bi í bóyá ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Fóònù ń yàwòrán lọ́tùn-ún lósì.

"Mo fi sílẹ̀ fún wọn, mà," Charles wí.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní wọn ò ní ṣe é tì, wọ́n ní àmín. Ó ní oníbàárà á wá wọn rí, abẹ́rẹ́ kò ní ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àmín, àmín. Ohùn Charles ló ròkè jù. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni, àmín ti mọ́ ọn lẹ́nu bí èémí. Nígbà náà ni Ìyá, láì yí ohùn padà, sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀rọ wọ̀nyí padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, kí Ọlọ́run gba iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ní àmín. Àwọn àlejò ṣe é, Ernest tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣe é, Charles náà ṣe é kó tó gbọ́ ohun tó ṣe àmín sí. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló ń dúró yẹ àdúrà wò kó tó dáhùn? Tẹjúmádé ń wo ojú rẹ̀. Ó rí i bí ẹ̀rín ṣe kú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n olè kì í tètè gbà. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, Charles tún dìde, ó ní kí àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e dé ilé. Ó wá bá Ernest, ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó máa kó o. Ernest kò kúrò níbi tó wà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Ernest wí. "Mo ti ṣe àmín."

Ó ní ọkọ̀ wíwà ni iṣẹ́ ọwọ́ òun, òun sì ní ìyàwó àti ọmọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì. Charles kùn ní èdè òyìnbó, ó fi ìbínú lọ gbé ẹ̀rọ tó sún mọ́ ọn jù fúnra rẹ̀, ti Toyibat sì ni. Àwọn àlejò kò tíì lọ. Obìnrin kan nínú wọn rí ọ̀gá tó ń gbé ẹrù fúnra rẹ̀, ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, ó na fóònù sí i.

Toyibat wá síwájú rẹ̀. Ó ṣí gèlè rẹ̀, ó ká a ṣe òṣùká, ó gbé e sórí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé o, sà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù."

N kò mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Tẹjúmádé ní ó mọ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ wúwo, ọwọ́ Charles kò sì mọ ẹrù gbígbé. Kò lè sọ ọ́ sílẹ̀, kò lè gbé e wọ stóò lójú fóònù. Ó wo Ernest, ó wo àwọn ìyá arúgbó tó ń wò ó. Ó gbé ẹ̀rọ náà ru Toyibat. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Toyibat dìde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó gba géètì jáde, kò wẹ̀yìn. Àwọn tó kù gbé tiwọn tẹ̀ lé e, wọ́n ń bá ara wọn gbé e rù, wọ́n ń kọrin lọ sí apá Agboju.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Charles wá bá Tẹjúmádé lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kó má tún wá sí Sẹ́ńtà mọ́, pé ìwà tó hù kò yẹ àgbàlagbà.

"Ẹ ti ba gbogbo nǹkan jẹ́, Àǹtí," ló wí. "Ṣé inú yín ti wá dùn báyìí?"

Inú Tẹjúmádé kò dùn. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá Charles ló ń pè é, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Inú mi ò dùn," ló wí. "Àwọn Ṣínà lo kọ́kọ́ fún ní ẹ̀rọ tó jáde yẹn. Tiwọn dà, Charles?"

Charles ní òun kò ní ẹ̀rọ kankan mọ́. Tẹjúmádé fa àga kan wá sí ojú ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà wọlé tàbí jáde, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ní òun kò ní í lọ sílé àfi bí tiwọn bá yọjú.